Vs30 (ìyára ìgbì S nínú mítà 30 òkè ilẹ̀) tí mo wọ̀n ní Ìjẹ̀bú-Òde: ṣé ilẹ̀ C (èyí tó le) ni àbí D (èyí tó rọ̀ jù ú lọ)?

Àkànjí_Oníilẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Iṣẹ́ másítà mi dá lórí ilẹ̀ tó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo to jíofóònù 24 (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ mímì ilẹ̀) sí, mítà kan-kan láàárín wọn, a sì ń fi hámà kílò 8 lu irin pẹlẹbẹ. Tírélà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Bí mo bá ti ní kí ọmọ yẹn lù báyìí, ọ̀kan á ti dé, gbogbo ìlà ojú kọ̀ǹpútà á sì máa gbọ̀n. Alẹ́ la padà lọ ṣe é, nígbà tí títì dá.

Mítà 10 òkè, ìgbì S (ìgbì tó ń mi ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) ń sáré mítà 160 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà 20 abẹ́ rẹ̀, 480. Mo fi bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn sọ ìyára rẹ̀ di púpọ̀, mo rò wọ́n pọ̀, mo fi 30 pín in: 373. Ó kọjá 360, mo bá kọ C. Alábòójútó mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ tún un ṣe. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìyá_Hámà: Àbúrò, àkókò ni kó o rò pọ̀, kì í ṣe ìyára. Ẹni tó há sínú gosílóò ní Bẹ́gà, tó wá sáré dé Ṣágámù, Bẹ́gà náà ló jẹ wákàtí rẹ̀. Fi 160 pín 10: 0.0625. Fi 480 pín 20: 0.0417. Àpapọ̀ jẹ́ 0.1042. Fi ìyẹn pín 30, 288 ló máa jáde. D ni, torí 180 sí 360 ni D. Má fojú kéré ilẹ̀ rírọ̀ òkè yẹn o. Ní Mexico City lọ́dún 1985, ibi tí ilẹ̀ ti ya jìn sí ìlú ju kìlómítà 300 lọ, amọ̀ adágún àtijọ́ ló gbé mímì náà ga tí ilé fi ń wó.

Baba_Ìgbì: Ìṣirò ti tán. 480 yẹn ló ń kọ mí lóminú. Okùn jíofóònù rẹ ò ju mítà 23 lọ. Ìgbì tó gùn ló ń dé ìsàlẹ̀, ìdajì gígùn rẹ̀ sì ni ibi tó jìn jù nísàlẹ̀ tá a lè gbára lé. Mélòó ni èyí tó gùn jù lọ́wọ́ rẹ? Tírélà tí ò ń ṣépè fún yẹn, òun ló ń mú ìgbì gígùn wá, hámà ò lè ṣe é. To jíofóònù ní mítà méjì-méjì, kó bá títì lọ gbọọrọ, kó o jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbà á lọ láìlu nǹkan kan. Ṣé 4.5 hertz ni wọ́n (ìyẹn mímì tó lọ́ra jù tí wọ́n ń gbọ́ dáadáa)?

Àkànjí_Oníilẹ̀: 4.5 ni, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó: mítà 26 ló gùn jù. Ó já sí pé láti mítà 13 lọ sísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń méfò fún mi! Ẹ ṣé gan-an, mà, ẹ ṣé, sà. Ọ̀sán Sátidé la ó padà lọ. Mo ti pe ọmọ tó ń lu hámà, mo ní kò ní lu púpọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní iye tí òun gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà lòun máa gbà.