Ta ló máa lo ohun tó o fẹ́ kọ?

Àbúrò yín, Manchester: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kúrò ní a-b-d Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo mọ function, mo mọ class, mo lè ka fáìlì CSV. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó pé kí n kọ nǹkan tèmi, òfo ni. Ẹ̀rọ ìṣirò méjì àti ìwé ìránnilétí mẹ́ta ni mo ti kọ. Níbi tí mo ti wáṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi mí pé ta ló ń lò wọ́n. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀gbọ́n, Toronto: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ibi ìbéèrè yẹn gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Wá ẹnì kan tó ń fi bírò àti ìwé ṣe iṣẹ́ kan lójoojúmọ́, tó o sì lè pè lálẹ́ òní.

Ìyá mi ni tèmi. Ẹja ni wọ́n ń tà lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn alájàpá á kó ẹja láwìn láàárọ̀, wọ́n á san díẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn. Mo fi sqlite3, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú fáìlì, kọ ìwé àwìn fún wọn. Ó ti wà nínú Python tẹ́lẹ̀. Iye gbèsè nìkan ni mo fi pa mọ́. Bí oníbàárà bá san owó, màá yọ ọ́ kúrò. Ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá pè: "Ará Ìkòròdú yẹn ní òun ti san ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ọjọ́ wo ni?" Kóòdù mi ò mọ̀. Mo tú u palẹ̀. Báyìí, ọjà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé ní ìlà tirẹ̀, mi ò sì pa ìkankan rẹ́. Ìṣirò wọn ló ń sọ gbèsè. Gbogbo fídíò tí mo wò, kò sí èyí tó kọ́ mi nìyẹn.

Má sì fi float, ìyẹn nọ́ńbà tó ní dẹ́símà, ka owó. Tẹ 0.1 + 0.2, wàá rí 0.30000000000000004. Kọ́bọ̀ ni mo fi ń kà, odidi nọ́ńbà.

Àbúrò yín, Manchester: Tíṣà ni ìyá mi, wọn kì í tajà. Àmọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wa lórí Zoom ń dà wá láàmú: látìgbà tí aago ti yí níbí, àwọn ará ilé ń fi wákàtí kan ṣáájú wa wọlé.

Ẹ̀gbọ́n, Toronto: Iṣẹ́ rẹ rèé! Nàìjíríà kì í yí aago. Lo zoneinfo, irinṣẹ́ Python tó mọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan, ó ti wà láti Python 3.9, "Africa/Lagos" àti "Europe/London" ni kó o kọ, má fi ọwọ́ ro wákàtí pọ̀. Ẹ̀yin ń yí aago ní Sunday tó kẹ́yìn October, àwa ní Sunday àkọ́kọ́ November. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín wa, kì í ṣe márùn-ún. Kọ test fún un, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin, Dublin: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn sórí GitHub, ibi tá a ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pa á rẹ́ lọ́la, commit àná, ìyẹn ẹ̀dà tẹ́ ẹ ti fi pa mọ́ síbẹ̀, ṣì gbé e dání. Àbúrò, kọ ohun tó bàjẹ́ àti bó o ṣe tún un ṣe sínú README, ìwé àlàyé tó ń bá kóòdù rìn. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kà tí mo bá ń gba èèyàn síṣẹ́.

Àbúrò yín, Manchester: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe akọ̀wé wa ní Ẹ̀pẹ́ báyìí. Wọ́n ní kí n má gbàgbé àwọn tó wà ní Dubai.