Ìrànlọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó sí London

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, fẹ́ dá wọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ sí London, mo sì fẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ara wa lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ kan ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara òpó orí ilẹ̀, èyí tí kò wúlò lórí aginjù Sàhárà, nígbà tí àwọn mìíràn ń gbà á láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì: àwọn kan wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, ti Starlink sì wà ní nǹkan bí 550 péré. Nígbà tí èmi rìn ín kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ sórí WhatsApp ń lọ wéré, ṣùgbọ́n àmì róbótó orí àwòrán ń yí títí a fi balẹ̀, ìpè kò sì wọlé rárá. Ṣé jíjìnnà sátẹ́láìtì ló fà á ni, àbí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ dí ìpè pa? Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ irú èyí tí ọkọ̀ kan ń lò kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì? Màmá kì í tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Ohùn nìkan ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn.