Láti Johannesburg dé Cape Town: ṣé ọjọ́ 16 tó fún èmi àti ìyàwó mi?

Bàbá Tèmi, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ní oṣù kẹjọ tí ń bọ̀ ni èmi àti ìyàwó mi yóò pé ogún ọdún tí a ti ṣe ìgbéyàwó. Dípò kí a se àsè tí a óò máa san gbèsè rẹ̀ títí di Kérésìmesì, a ti pinnu pé a óò lọ wo gúúsù Áfíríkà. Ètò tí mo là sílẹ̀ ni pé a óò háyà ọkọ̀ ní Johannesburg, a óò gba Francistown àti Nata dé Kasane ní Botswana, a óò gba orí afárá Kazungula sọdá sí Zambia láti wo omi tí ń já láti òkè, èyí tí wọ́n ń pè ní Mosi-oa-Tunya. Láti ibẹ̀ a óò gba Katima Mulilo wọ Namibia, a óò wo ẹranko ní Etosha, a óò gun òkìtì iyanrìn pupa ní Sossusvlei, a óò sì dá ọkọ̀ padà ní Cape Town. Nínú ìṣirò tèmi, ó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ọjọ́ 16 ni mo sì fi sí i.

Ìyàwó mi gba ìwé ètò náà, ó ka iye ọjọ́ tí a óò jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ó sì bi mí bóyá ayẹyẹ ìgbéyàwó ni mo ń pe èyí tàbí iṣẹ́ awakọ̀ tírélà. Èrò tèmi ni pé bí a bá ń fi díẹ̀ nínú òru kún un, tí àwa méjèèjì sì ń gbà á wà fún ara wa, yóò ṣeé ṣe, nítorí gbogbo ẹni tó ti lọ ló ń sọ pé ọ̀nà wọn dára ju tiwa lọ. A ti fẹnu kò láti gbé ẹjọ́ náà wá síwájú yín.

Ìyá Ìbejì, Gaborone

Bàbá Tèmi, ẹ kú ìmúra o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Lóòótọ́ ni ọ̀nà dára, ṣùgbọ́n ẹ kò ka ẹranko mọ́ ìṣirò yín. Ní alẹ́, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a máa wá dúró sórí ọ̀dà níhìn-ín, nígbà mìíràn wọn a tilẹ̀ sùn síbẹ̀, kò sì sí iná tí yóò fi wọ́n hàn yín. Láti Nata dé Kasane, tó jẹ́ nǹkan bí 300 kìlómítà, erin ló ni ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, abo erin kan jáde sí wa láti inú igbó, ó dúró sáàárín títì, ó na etí rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó tẹ́ ẹní, kò sì yẹsẹ̀ títí gbogbo agbo rẹ̀ fi sọdá tán. A kò fun fèrè. Ṣe ni ọkọ mi rọra fi ọkọ̀ sẹ́yìn, tí a sì dákẹ́. Ẹ wá rò ó wò ká ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ni, tí ẹ sì ń sáré 120. Lóṣù kẹjọ, nǹkan bí agogo mẹ́fà ni oòrùn ń wọ̀. Ẹ fi agogo márùn-ún ṣe òpin ìrìn lójoojúmọ́, kí ẹ wá tún ọjọ́ yín kà.

Ẹ má sì gbé ẹran tútù dání. Wọ́n fi ọgbà wáyà pín ilẹ̀ yìí sí ẹkùn-ẹkùn nítorí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu màlúù, wọn a sì ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọgbà, kí ẹ tẹ bàtà yín mọ́ ẹní tí wọ́n rẹ sínú oògùn, àti èyí tó wà nínú àpótí pàápàá. Ẹran tí mo ti fi ata àti àlùbọ́sà pa lára fún sísun ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi níbẹ̀, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Alàgbà, Abẹ́òkúta

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹ dárúkọ yìí. Àwa tí a ti ń wakọ̀ kí ìjọba tó yí wa sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 mọ̀ pé kì í ṣe àárín ìgboro ni ewu rẹ̀ wà, nítorí ọkọ̀ tó wà níwájú yóò máa rán yín létí. Àárọ̀ kùtù ni, nígbà tí ẹ bá ń ti ilé epo jáde sójú títì tí kò sí ọkọ̀ kankan, tí ọwọ́ yóò sì fẹ́ padà síbi tó ti mọ́ ọn lára. Kí ìyàwó yín máa pe “òsì” sókè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yà, kí ẹ má sì bínú sí i.

Awakọ̀ àlejò, Windhoek

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń fi ọkọ̀ gbé àlejò káàkiri Namibia. Láti ibí dé Sesriem, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà Sossusvlei, kò ju nǹkan bí 350 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí ojú rẹ̀ ti rí bíi páànù ìbolé. Ọkọ̀ a máa gbọ̀n débi pé ike omi á máa fò lórí ìjókòó. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọjá 80, táyà kì í fi bẹ́ẹ̀ di ilẹ̀ mú mọ́, kọ́nà kékeré sì tó láti dojú ọkọ̀ dé. Ẹ ka ìwé àdéhùn háyà dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló sọ pé adójútòfò kò kan irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè táyà ìpààrọ̀ méjì. Kò sí fọkanáísà lábẹ́ igi bíi ti Mọ́níyà. Gbogbo ilé epo tí ẹ bá rí ni kí ẹ ti rọ epo kún táńkì, ì báà ku ju ààbọ̀ lọ. Kìlómítà 5 tó kẹ́yìn ní Sossusvlei jẹ́ iyanrìn gbuuru tó ń rì ọkọ̀ tí kì í fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Ọkọ̀ akérò wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ wọ bàálù dé Windhoek, ẹ háyà ọkọ̀ níhìn-ín, ẹ sì dá a padà síhìn-ín, nítorí owó tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá já ọkọ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn kì í ṣe kékeré. Ní Okaukuejo nínú Etosha, ibi omi kan wà lẹ́bàá ibùsùn tí iná ń tàn sí lóru. Ẹ óò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ sókè, ẹ óò sì máa gbọ́ bí àgbáǹréré ṣe ń fa omi mu.

Ọmọ Oǹdó, Johannesburg

Ẹ̀gbọ́n Windhoek, mo tẹríba, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fo Mosi-oa-Tunya. Omi tó fẹ̀ tó 1,708 mítà tó ń já sísàlẹ̀ ní ohun tó lé ní 100 mítà, ta ni yóò dé ìtòsí rẹ̀ tí yóò padà? Oṣù kẹjọ sì dára fún un, nítorí bó bá fi di oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, àpáta gbígbẹ ló ń pọ̀ ní apá Zambia. Ẹ lọ sí Kasane láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ sùn ní Francistown lójú ọ̀nà, kí ẹ fi Namibia sílẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ẹ gba físà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò nílé, kí ti South Africa sì jẹ́ èyí tó gbà yín láàyè láti jáde kí ẹ tún wọlé. Ẹ mú ìwé àjẹsára ibà pọ́njú dání, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó háyà ọkọ̀ fún yín pé ó mọ̀ pé ẹ ń gbé e kọjá bodè.

Bàbá Tèmi, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyàwó mi ti ka gbogbo rẹ̀. Ti Ìyá Ìbejì ló kà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Namibia la mú, alẹ́ mẹ́rin ní Etosha, alẹ́ mẹ́ta lẹ́bàá Sesriem, n óò sì máa pa ọkọ̀ ní agogo márùn-ún. Ọmọ Oǹdó, ó ti ní kí n kọ Mosi-oa-Tunya sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, kí n sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n Windhoek, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni òtútù ṣe ń rí lóru ní aṣálẹ̀ náà? Àǹkárá nìkan ló ti kó sínú àpótí.

Awakọ̀ àlejò, Windhoek

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kó súwẹ́tà tó nípọn àti ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí yíyọ oòrùn lórí òkìtì iyanrìn gbọ́dọ̀ jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì ti rí àlejò tó fi táwẹ̀lì òtẹ́ẹ̀lì bora gùn ún.