Afárá irin àtijọ́ ní ìgbèríko: ṣé ká jó awo irin mọ́ ọn, ká sì da kọnkéré lé e?

Àdùkẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa afárá. Afárá truss kan (èyí tí wọ́n fi ọ̀pá irin tò ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta) ló so abúlé méjì pọ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó gùn tó mítà 30, ó fẹ̀ tó mítà 4, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Ọ̀pá olójú, ìyẹn ọ̀pá irin tó ní ihò ní orí méjèèjì, ló wà nísàlẹ̀ ní méjì-méjì, pín-ìnnì gbọ̀ngbọ̀n ló so wọ́n pọ̀. Rivet, ìyẹn ìṣó irin tí wọ́n lu orí rẹ̀ pa kó má bàa yọ, ló wà lókè. Ìpẹtà ti ń jẹ àwọn oríkèé ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní kí wẹ́dà jó awo irin mọ́ ibi tó ti fẹ́lẹ́, ká sì fi kọnkéré rọ́pò pákó. Ṣé ó bójú mu?

Òpómúléró:
Rárá o, ẹ má ṣe é. Kọnkéré tó nípọn ní mílímítà 150 á wúwo tó tọ́ọ̀nù 43 lórí afárá yín. Pákó tó nípọn ní mílímítà 100 sábà máa ń wà ní bíi tọ́ọ̀nù 10. Ẹrù tó yẹ kí afárá fi gba ọkọ̀ lẹ ti dì lé e lórí kí ọkọ̀ kankan tó débẹ̀.

Ti wẹ́dà ńkọ́? Irin ayé ìgbà yẹn lè jẹ́ wrought iron, irin àtijọ́ tí wọ́n ń fi òòlù lù, tí ìdàrọ́ (ìdọ̀tí irin yíyọ́) wà nínú rẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán. Bí iná bá kàn án, ó lè ya ní ìpele-ìpele. Bó bá sì jẹ́ steel, imí-ọjọ́ lè pọ̀ nínú rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n jó á sán. Ẹ gé èérún díẹ̀ níbi tí kò gbé ẹrù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀pá olójú ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Silver Bridge ní Amẹ́ríkà wó lọ́dún 1967 nítorí pé ojú ọ̀pá kan ṣoṣo sán, èèyàn 46 sì kú. Ọ̀pá méjì péré ló wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀; bí ọ̀kan ṣe já, èkejì ò lè dá a gbé.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Oríkèé ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó ewé àti erùpẹ̀ kúrò pátápátá, torí ibẹ̀ lomi ń dúró sí. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kẹ́ ẹ fi kálípà wọn bó ṣe nípọn sí. Bí awo tó jẹ́ mílímítà 10 bá ku 7, ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ ti lọ. Iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ sára pátákó ìkìlọ̀ afárá, ìyẹn ẹrù tí ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá, gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ wo àárín awo méjì tó lẹ̀ mọ́ra dáadáa: ìpẹtà máa ń wú ju irin tó jẹ lọ, á sì ti awo náà títí tí yóò fi tẹ̀, tí yóò sì já orí rivet.

Fún rivet, ẹ fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi òòlù kékeré lu ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá mì lábẹ́ ìka yín, ó ti tú. Ẹ óò tún rí ipa pupa bí osùn tó ń ṣàn láti abẹ́ orí rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé róólà ìdí afárá, ìyẹn irin tó ń yí tí orí afárá jókòó lé kó lè rìn síwá sẹ́yìn. Irin tó gùn ní mítà 30 ń fi bíi mílímítà 14 gùn sí i bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 40 ju òtútù lọ. Bí róólà bá ti gan, afárá náà á máa ti òpó tó gbé e.

Àdùkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an. Bí ọ̀kan nínú ọ̀pá méjì bá ń mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ìyẹn ni pé èkejì ló ń dá ẹrù gbé, tàbí kí ojú pín-ìnnì ti jẹ. Ẹ pe ẹnjiníà tó mọ afárá àtijọ́. Wọ́n á fi jáàkì gba ẹrù kúrò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Títí dìgbà náà, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù gùn ún.

Òpómúléró:
Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa yọ rivet, kí wọ́n fi bóòtù alágbára sí ihò náà kí wọ́n tó kan òmíràn. Òjé, tó jẹ́ májèlé, sábà máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́: ẹ má fi ẹ̀rọ ha á ní gbígbẹ, ẹ ta aṣọ sábẹ́ kó má bàa bọ́ sínú odò.