Ọlidé gígùn dé: igbó àti etí omi wo la lè kó àwọn ọmọ lọ nítòsí Ìbàdàn?

ÌyáÈwe_Bódìjà

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ọlidé gígùn ti wọlé, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ọmọ sì fi ṣe ilé. Mẹ́ta ni wọ́n: ọmọ ọdún 6, 9 àti 12. Ibi tí igi, omi àti ẹyẹ wà ni mò ń wá, tí a lè lọ láàárọ̀ kí a sì ti padà sílé kó tó di oúnjẹ ọ̀sán. Ọgbà Àgódi àti ọgbà ẹranko Yunifásítì, a mọ̀ wọ́n. Kí ló tún wà? Aago mélòó ló dára nígbà òjò yìí? Ṣé dandan ni ká ra awò awọ̀nà-jíjìn? Ìjàlọ ńkọ́? Ẹ ṣeun o.

ẸyẹẸ̀gà

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Bó bá jẹ́ ibì kan péré lẹ máa lọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ igbó IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kí ẹ tó kan Mọníyà. Ilẹ̀ wọn tó nǹkan bíi hẹ́kítà 1,000, wọ́n sì fi bíi 350 sílẹ̀ fún igbó. Láti 1967 tí wọ́n ti dá ibẹ̀ sílẹ̀ ni igi ti ń rí àyè hù. Kì í ṣe ọgbà tí èèyàn kàn ń yà sí o. Ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ kọ̀wé ṣáájú, kí ẹ sọ ọjọ́ àti iye èèyàn, kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa mú yín wọgbó. Ẹni tó bá dé ẹnu géètì láìsọ tẹ́lẹ̀ lè padà bó ṣe wá.

Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìlú wa sọ lórúkọ, Ibadan Malimbe. Ẹbí ẹ̀gà ni. Ní gbogbo ayé, ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín nìkan ló wà, 1958 ni àwọn onímọ̀ sì fún un lórúkọ yẹn. Dúdú ni, akọ rẹ̀ pupa lórí àti láyà. Red-vented Malimbe jọ ọ́ gan-an, òun náà pupa lórí àti láyà. Abẹ́ ìrù ni kí ẹ wò: bí ibẹ̀ bá pupa, kì í ṣe ti Ìbàdàn. Ó ti di ọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ má fi ṣèlérí fún ọmọ. Àtíòro ni kí ẹ fi fà wọ́n mọ́ra. Ẹ máa gbọ́ igbe rẹ̀ kí ẹ tó rí i, á sì máa fò bí ẹni ń gun òkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ ti wà létí igbó ní aago 6:45 àárọ̀. Oòrùn ń yọ ní bíi aago 6:40 lásìkò yìí, ẹyẹ sì ń jẹun kíkankíkan títí di bíi aago 9. Tó bá ti kọjá 10, igbó á dákẹ́. Ẹ má rìn jù, kìlómítà 2 ti tó fún ọmọ ọdún 6. Ẹ dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú 10 láìsọ̀rọ̀. Ẹyẹ tó sá nígbà tí ẹ dé á tún yọjú. Àwọn tó fẹ́ rin igbó tán lọ́jọ́ kan ló máa ń sọ pé kò sí ẹyẹ níbẹ̀.

Awò: ọ̀kan ti tó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì jẹ́ 8x42. 8 ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan tóbi, 42 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Ẹ fi 8 pín 42, ẹ máa rí 5.25: bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ojú yín ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Ti 10x25 kéékèèké tí wọ́n ń tà káàkiri jẹ́ 2.5 péré. Abẹ́ igi ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀, kò ní rí nǹkan kan mú jáde, á sì tún máa gbọ̀n lọ́wọ́ ọmọdé. Kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n di ojú ọ̀tún, kí wọ́n yí kẹ̀kẹ́ àárín títí ewé kan á fi hàn ketekete. Lẹ́yìn náà kí wọ́n di ojú òsì, kí wọ́n yí òrùka tó wà lápá ọ̀tún títí ewé yẹn kan náà á fi hàn. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, orí á fọ́ ọ láìpẹ́, á ní awò ló bàjẹ́.

Arìnkákiri

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ má gbàgbé adágún Eléyẹlé, tí wọ́n dá ní 1942 fún omi ẹ̀rọ. Ẹ gba ọ̀nà etí omi tí àwọn apẹja ń tọ̀, kì í ṣe inú ọgbà iléeṣẹ́ omi. Níbi tí ewéko bo ojú omi, ẹ wá ẹyẹ kan tó pupa bíi bíríkì, tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ. Orí ewé ló ń rìn lọ láìrì. Ẹ tún kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ ojúoró àti òṣíbàtà, tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àgbà láìrí i rí. Ewé ojúoró tò yíká bíi kábéèjì, irun wẹ́wẹ́ bò ó, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń ṣe jọ̀ọ̀lọ̀ nínú omi láìkan ilẹ̀. Òṣíbàtà ní tiẹ̀, ewé rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, ó ya lápá kan, okùn rẹ̀ sì wọlẹ̀ lọ sínú ẹrẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ki ẹsẹ̀ bọ omi yẹn o. Ìgbín kéékèèké inú omi tó dúró sójú kan ló ń tú kòkòrò àtọ̀sí ajá jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Kò dìgbà tí wọ́n bá mu ún.

Ní ti òjò, oṣù kẹfà àti ìkẹsàn-án ló le jù, ó máa ń dẹwọ́ nínú oṣù kẹjọ. Oṣù kẹjọ ni kí ẹ mú.

Ọmọ_Ìdí-Ayùnrẹ́

Igbó Gàm̀bàrí tún wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì igbó ìjọba ìpínlẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀ṣọ́ igbó. Apá tó pọ̀ níbẹ̀ jẹ́ oko tíìkì àti gmelina, ẹyẹ ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ nítorí igi oríṣi kan kì í ní oúnjẹ púpọ̀ fún wọn. Kí àwọn ọmọ já ewé tíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á: ọwọ́ á pupa bíi pé wọ́n fi osùn pa á. Ti gmelina kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

ÌyáÈwe_Bódìjà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ku ìjàlọ, àti ẹ̀gbọn.

ẸyẹẸ̀gà

Ìgbà òjò gan-an ni ìjàlọ ń kọjá lọ́nà. Ṣòkòtò gígùn, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó lókè, bàtà òjò ló dára jù. Tí ẹ bá rí wọn ní ìlà, ẹ fẹsẹ̀ gígùn rékọjá, ẹ má tẹ̀ wọ́n: tí ìlà bá tú, gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Tí ọ̀kan bá ti gun ọmọ, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò níbẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 10 kí ẹ tó bọ́ bàtà. Àwọn tó dúró lójú kan náà láti ja èyí tó wà lára ni àwọn yòókù ń gùn. Ẹni tó ń wo òkè ni wọ́n sì máa ń mú jù, nítorí náà ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó gbé awò sójú.

Fún ẹ̀gbọn, tí ẹ bá délé, ẹ yẹ ẹ̀yìn etí, abíyá àti abẹ́ wọn wò. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un mọ́ awọ ara pinpin, kí ẹ fà á tààrà láìyí i. Ẹ má fi kẹrosín-ìnì tàbí iná kàn án.