Ìdáhùn: "Àwárípadà" yẹn, kí ni "padà" ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò fẹ́ dá sí i. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ tí mo pa ẹnu mọ́, àfi àná tí mo rí i pé ẹni mẹ́rin ti kọ "ó dáa, ó dáa" sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo ní háà, tí a ò bá tètè sọ̀rọ̀, kí ọdún yìí tó parí wọ́n á ti kó o wọ inú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ló ní òun ti dá ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò tí èèyàn bá lọ hú àṣà àtijọ́ tó ti rá síta, bóyá ìtàn ni o, bóyá ìṣe, bóyá èrò àwọn baba wa nípa bó ṣe yẹ kí ìlú máa rìn. Ohun tí òyìnbó ń pè ní "rediscovery" ló fẹ́ túmọ̀, ó pè é ní "àwárípadà àṣà ìgbàgbé".

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ẹ̀ mú un. Nílé tiwa ní Ìpẹru, tí wọ́n bá ní lágbájá ní àṣà ìgbàgbé, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nǹkan kì í dúró lórí ẹ̀, pé ìgbàgbé ti mọ́ ọn lára, bí wọ́n ṣe ń sọ pé àṣà olè, àṣà irọ́. Àṣà tó ti di ìgbàgbé lọ́tọ̀, àṣà ìgbàgbé lọ́tọ̀. Àbúrò wa wá fẹ́ ká gbéra ká lọ wá àṣà ìgbàgbé padà! Èyí tó wà lára wa yìí ò tíì tó?

Ó yá, "àwárípadà". Ibi tó ń dùn mí gan-an nìyí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Kí ló dé tí àwọn àgbà ò ní àwárípadà? Torí ẹni tó ń wá irú, ó mọ irú, ó mọ̀ pé ó wà nínú ilé, ó kàn jẹ́ pé ojú ò tíì kàn án ni. Ìyá ìyá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, tí wọ́n bá fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ (ẹni tó ń pè é ní ìfọ́kọrẹ́ kó máa pè é bẹ́ẹ̀, mi ò níjà lónìí), wọ́n á ti rin ewùrà tán, ata á ti máa hó lórí iná, wọ́n á wá ní àwọn ò rí ẹja gbígbẹ tí àwọn rà bọ̀ lọ́jà. Wọ́n á yẹ abẹ́ agbọ̀n wò, wọ́n á yẹ orí àjà wò, gbogbo àwa ọmọ ilé la máa jẹ orúkọ olè lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n bá wá rí i wọ́n á ní "mo wá a rí." Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé "mo wá a rí padà". Ohun téèyàn ò mọ̀ rí, kì í wá a rí, ńṣe ló máa ń kò ó lọ́nà. Nítorí náà, nǹkan tí òyìnbó fi "re-" tiẹ̀ sọ, inú "àwárí" ló ti wà látilẹ̀. Ẹni tó tún gbé "padà" lé e dà bí ẹni tó dé fìlà méjì.

Àwọn tíṣà wa láyé àtijọ́ ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà yìí. Páámárì fò ni wọ́n ti kọ́ wa pé Mungo Park ló ṣàwárí odò Ọya. Ṣàwárí! Odò tí àwọn ará Ségù ń pọn, tí wọ́n ń pẹja níbẹ̀ kí ọkùnrin náà tó yọjú ní 1796. Látìgbà yẹn ni àwárí ti di "ẹni tó kọ́kọ́ rí i", ó wá di pé ká wá ìrù lẹ̀ mọ́ ọn kó tó lè jẹ́ ohun tó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ sì wo Erédò tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ní 1999 tí ìròyìn ẹ̀ gba ayé kan, tí wọ́n ń pariwo Patrick Darling ti yunifásítì Bournemouth, àwọn oníròyìn wa náà ní "wọ́n ti ṣàwárí" ẹ̀. Yàrà àti mọdi tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po, tó ju 160 kìlómítà lọ, tó jẹ́ pé níbòmíì láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí mọdi tó 20 mítà, ta ni nǹkan bẹ́ẹ̀ lè sọnù mọ́ lọ́wọ́? P. C. Lloyd, oníwádìí òyìnbó kan, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1959. Àwọn ará Òkè-Èrì tí wọ́n ń tọ́jú ibojì Bílíkísù Ṣùngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní òun ló ní kí wọ́n wa yàrà náà, tí àwọn èèyàn ń wá ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀ ńkọ́? Darling rìn nínú igbó, ó wọ̀n ọ́n, ó yà á sórí máàpù, ó ṣe é, ẹ jẹ́ ká kí i. Àmọ́ wíwọ̀n ló wọ̀n ọ́n. Àwa tá a lọ sílé-ìwé ló kù ká wá a rí, torí ọwọ́ tiwa ló ti já bọ́.

Àǹtí wa tó ń gbé Jámánì wá ní kí "padà" wà níwájú, kó jẹ́ "ìpadàwárí". Àǹtí mi, ẹ má bínú o, kí ni wárí? Ẹ wá sí ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wárí fún Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá gbọ́ ìpadàwárí ní Ìjẹ̀bú-Òde á ní ẹnì kan ti ṣẹ Kábíyèsí ló wá ń padà lọ dọ̀bálẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wa àgbà náà mú "àtúnjí àṣà" wá. Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n jí tí a fi ń jí lójú oorun àti jí tí a fi ń jí ewúrẹ́, ohùn kan náà ni wọ́n ní.

Ojúde Ọba tí mo dárúkọ yẹn, èèyàn tó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yẹ kó lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra: Gbọ́baníyì, Bọ́bagbìmọ̀, Bọ́bagúnwà, Bọ́bakẹ́yẹ. "Bá ọba" di "bọ́ba", fáwẹ̀lì "á" lọ, ohùn òkè tó wà lórí ẹ̀ ò bá a lọ, orí "ọ́" ló bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó gbé dikiṣọ́nnárì òyìnbó síwájú kó tó sọ wọ́n lórúkọ. Regbẹ́regbẹ́ fúnra ẹ̀ sì ni ohun tí à ń jà lé lórí yìí, ó wà láyé àtijọ́, ó lọ sílẹ̀, Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà tó jọba láti 1960 títí di 2025 ló gbé e dìde. "Gbé dìde", ọ̀rọ̀ méjì péré, ọmọ kékeré gbọ́ ọ.

Ẹnì kan ní ta ni mí, ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí. Rárá o. Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, mo sì mọ ọ̀rọ̀ tó ń wọ̀ wọ́n létí. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ tuntun. Èdè-ìperí, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àti ìmọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé onímọ̀ èdè, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi lélẹ̀ fún wa, ta ló bá a jà? Kò ṣàjèjì torí a ti ń perí akọni ká tó fi idà lalẹ̀ látayébáyé.

Èyí tó wá bí mi nínú jù, gbólóhùn tí àbúrò wa fi ṣe àpẹẹrẹ: "àwárípadà ìmọ̀ Ògbóni Ìjẹ̀bú". Òṣùgbó, ọmọ tèmi! Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, Òṣùgbó là ń pè é, ilédì Òṣùgbó, ilé ìpàdé wọn, sì wà ní ìlú wa títí dòní. Láyé àtijọ́, àwọn ló ń dá ẹjọ́ tó bá wúwo, tí ọba pàápàá ò kàn lè gbá ọ̀rọ̀ wọn dànù. Tí a bá ń sọ pé a fẹ́ mọ èrò àwọn àgbà nípa ìjọba, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, o wá débẹ̀, o fi orúkọ ẹlòmíì pè wọ́n.

"Àwárí àṣà tó ti di ìgbàgbé" ni tèmi. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní kúkúrú kó mú un wá, kó má ṣáà ní "padà" nínú.

Ẹni tó sì já wọ inú ọ̀rọ̀ tó ní Ṣàgámù ti wà látìgbà Odùduwà, ẹ̀gbọ́n, 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kó ara wọn jọ síbẹ̀. Àwọn ìlú yẹn ló pẹ́ láyé, ìkójọ yẹn kọ́. Èyí tẹ́ ẹ tún sọ pé ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú lásán ni Rẹ́mọ, fóònù mi ti fẹ́ kú, ẹ dúró dè mí lálẹ́.