Ewé asúnwọ̀n òyìnbó ò ran làpálàpá orí ọmọ mi

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Làpálàpá mú àwọn ìbejì mi. Ti Táyé wà lọ́rùn, ó rí róbótó. Ti Kẹ́hìndé wà lórí, awọ ibẹ̀ ń bó, irun ibẹ̀ sì ń já. Ìyá ọkọ mi já ewé asúnwọ̀n òyìnbó lẹ́yìnkùlé, wọ́n gún un mọ́ ọṣẹ dúdú, a sì ń fi í pa àwọn ọmọ lálaalẹ́. Ọrùn Táyé ti ń gbẹ, àmọ́ ti Kẹ́hìndé ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Kí ló dé?

Ọmọ Eléwé: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ fi kànrìnkàn ha orí náà kó pọ́n dáadáa, kí ewé lè ríbi wọlé.

Aláàbù: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ha orí ọmọ o! Egbò ló máa dà. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe. Tá a bá kán oje ewé yẹn sínú àwo tá a gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì sí, ìyẹn ohun tín-tìn-tín tó ń fa làpálàpá, fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í hù níbi tí oje náà bá ràn dé. Òfìfo yẹn la máa ń fi rúlà wọ̀n. Ewé tá a fi ọtí rẹ sábà máa ń lágbára ju èyí tá a fi omi rẹ lọ. Nítorí náà, màmá ò purọ́. Ṣùgbọ́n ti orí yàtọ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ti wọnú irun lọ, ó ti dé ìdí rẹ̀. Ohun àfipara kì í ká a níbẹ̀, ì báà ṣe ewé, ì báà ṣe kírímù ilé oògùn. Oògùn àgbémì ló ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí irun ti ń hù. Griseofulvin ni wọ́n sábà máa ń kọ fún ọmọdé. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, oúnjẹ ọlọ́ràá ló sì ń jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Ẹ gbé Kẹ́hìndé lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn náà.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà: Mo ti kà á fún màmá. Wọ́n ní tó bá jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, ṣé kí Kẹ́hìndé kúkú mu omi ewé náà díẹ̀?

Aláàbù: Háà! Ẹ bá mi bẹ màmá. Ìbátan ewé tí wọ́n fi ń ṣe oògùn ìyàgbẹ́ ni. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa fún ọmọ, orí á sì wà bó ṣe wà. Kí wọ́n máa fi pa ọrùn Táyé lọ. Kóòmù ńkọ́, ṣé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò?